Èéfín Ẹ̀pẹ́, Ìgò Ìkòròdú, àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, tí ó ń lọ sí Kẹ́tu tàbí Mile 12, yóò ti mọ àwọn ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tí í dìde láàárín èrò bí ọkọ̀ bá ti gbéra, tí wọn á kọ́kọ́ gbàdúrà kí ọ̀nà ó má nà wá, kí a má sì pàdé agbákò, tí wọn á dúró kí gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín kí wọ́n tó na ọwọ́ sínú báàgì fa ìgò kan yọ. Ohun tó wà nínú ìgò náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wí, kò sí àrùn tí kì í rí i sá: ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ara ríro, ó ń lé àárẹ̀ lọ; ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan wá, ọ̀rọ̀ tuntun kan ti wọ ẹnu wọn, wọ́n ní ó kún fún antioxidant, ó sì ń fọ iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ tónítóní débi pé rọpárọsẹ̀ kò ní rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú Ọ̀gà, àti ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀sà yí ká, n kò gbé kálámù láti bú àwọn olóògùn wọ̀nyí, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu wọn, irọ́ tó bá sì ti yá aṣọ lọ́wọ́ òótọ́ ló máa ń ṣòro í bọ́ sí ìhòòhò. Ohun tí mo fẹ́ wí ni pé èyí tó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ wa jẹ́ ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ tí a ń fà símú àti nínú iná tí a ń dá lójoojúmọ́, àti pé owó tí a ń kó lé ìgò lórí, tí a bá fi í ra ààrò tó ní ihò èéfín àti ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, à bá ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ara wa, ó di dandan kí a wo inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Awọ tín-ín-rín kan ló tẹ́ inú rẹ̀ láti orí dé àtàńpàkò ẹsẹ̀, tí ìnípọn rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, ó sì pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi rò pé ìtẹ́lẹ̀ lásán ni, títí di ọdún 1980 tí Robert Furchgott, ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá họ awọ yìí kúrò, iṣan kò ní gbọ́ àṣẹ mọ́ nígbà tí a bá ní kí ó dẹ̀. Wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé awọ náà ń ṣe gáàsì kan, nitric oxide, òun ló sì ń mú kí iṣan là kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi fún Furchgott, pẹ̀lú Louis Ignarro àti Ferid Murad, ní ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Ẹni tí awọ yìí bá ṣì jí pépé nínú iṣan rẹ̀, ó ní ọrọ̀ tí kò mọ̀ pé òun ní.

Ọ́síjìn tí a ń mí, tí kò sí ẹni tó lè wà láàyè láìsí i, òun kan náà ló ń mú ọkọ́ àti àdá tí a gbàgbé síta dípẹtà. Inú ara wa kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìpẹtà yìí, nítorí bí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ láti rí agbára, bẹ́ẹ̀ ni èérún ọ́síjìn kan ń já bọ́, àwọn èérún tí ara wọn kò balẹ̀, tí wọ́n ń bu ohunkóhun tí wọ́n bá kàn jẹ. Ẹlẹ́dàá kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ara ní àwọn ohun tó fi ń dá wọn lẹ́kun. Ọ̀ràn ń bẹ nígbà tí wọ́n bá pọ̀ ju ohun tó ń dá wọn lẹ́kun lọ, nítorí nígbà náà ni wọn yóò gbá nitric oxide mú kí ó tó jíṣẹ́ tí a rán an, wọn yóò sọ ọ́ di oró, iṣan yóò le gan-an. Wọn yóò sì tún kọlu ọ̀rá tó ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní LDL, bí ó bá ti yọ́ wọ abẹ́ awọ náà.

Ọ̀rá tó bá ti dípẹtà báyìí, ara kò dá a mọ̀ mọ́. Yóò kà á sí àlejò ibi, yóò ránṣẹ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn wọ̀nyí yóò dé, wọn yóò máa gbé ọ̀rá náà mì títí wọn yóò fi yó bámú, tí wọn yóò kú sórí oúnjẹ, ikú wọn yóò sì tún pe àwọn mìíràn wá. Ibẹ̀ yóò wú, yóò gbóná, yóò di òkìtì lára ògiri iṣan. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú ni pé èérún ọ́síjìn yẹn kan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń jà, tó fi jẹ́ pé ìpẹtà ń bí wíwú, wíwú sì ń bí ìpẹtà, ọdún ń gorí ọdún, ẹni tó ni ara ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ nǹkan kan. Bí òkìtì náà bá wá ya lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lé e lórí lójijì: bó bá jẹ́ nínú iṣan ọkàn, ọkàn yóò daṣẹ́ sílẹ̀, bó bá jẹ́ nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, aráyé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó sà sí i.

Rudolf Virchow, oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì, ti rí wíwú yìí lára iṣan òkú láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ọ̀rá nìkan ló ń dí iṣan, títí tí Russell Ross fi kọ ọ́ gbangba ní 1999 pé àrùn wíwú ni àrùn yìí látòkè délẹ̀. Ẹ̀rí tó pa àwọn oníyèméjì lẹ́nu mọ́ dé ní 2017, nígbà tí wọ́n fún àwọn kan lára ènìyàn 10,061 tí ọkàn wọn ti kọlù wọ́n rí ní oògùn kan tí kò fọwọ́ kan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rárá, tó jẹ́ wíwú nìkan ló ń bá jà: ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó ti ibẹ̀ wá fi ìdá 15 nínú 100 dínkù lára àwọn tó gba ìwọ̀n tó tọ́. Àmọ́ oògùn náà kò ṣeé gbé wá sí ọjà Sàbó ní Ìkòròdú, nítorí ó wọ́n bí ojú, àkóràn tó ń pa ènìyàn sì pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Ara tí a bá gba idà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, olè yóò wọlé tì í.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé Ẹ̀pẹ́, ìlú tó gba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè Èkó ní 1851, ìlú tí ẹja kì í wọ́n bí a bá dé ọjà Olúwo rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹja tútù tí wọ́n ń nà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn oníbàárà láti Lẹ́kì àti Àjà ń ná lórí ìdúró. Díẹ̀ ló ń yà sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń yan èyí tó ṣẹ́kù. Ààrò náà kò ju dúrọ́ọ̀mù tí a là sí méjì lọ, tàbí bíríkì amọ̀ tí a tò, pẹ̀lú àwọ̀n irin lórí rẹ̀ àti igi tí kò gbẹ tán lábẹ́, a ó sì kó èèpo àgbọn lé e kí èéfín lè nípọn, nítorí èéfín ni í mú ẹja pọ́n, tí kò sì fi ní tètè bàjẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja yóò tẹ̀ ba lórí rẹ̀, yóò fi ọwọ́ lásán yí ẹja kọ̀ọ̀kan padà, yóò fi etí ìró nu ojú, yóò sún sẹ́yìn láti wúkọ́, yóò sì tún padà síbi tó ti kúrò, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀ títí òkùnkùn yóò fi kùn, ọmọ ọwọ́ sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá èéfín náà kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: “Bàbá, èéfín yìí ló rán àwọn ọmọ mi níwèé. Ojú mi ti mọ̀ ọ́n.”

N kò rí èsì fún un, nítorí òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í mọ èéfín lójú. Àwọn èérún tó kéré jù nínú rẹ̀, àwọn tí ìbú wọn kò tó ìdá kan nínú ogún ìbú irun orí, kì í dúró ní imú tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yóò ti dìde sí wọn, tí ariwo ìjà náà yóò fi bá ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo ara, ẹ̀dọ̀ yóò gbọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà wíwú jáde, awọ inú iṣan ní ibi tó jìnnà sí ẹ̀dọ̀fóró yóò sì dípẹtà lórí ọ̀ràn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2021 ní kí irú èérún bẹ́ẹ̀ má ṣe ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ibi tí a bá ti ń fi igi dáná lábẹ́ òrùlé, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni í máa ń jẹ́.

Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni mo ń kà, Ìbàdàn kò jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago kó aboyún 324 jọ, àwọn tí igi tàbí kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń dáná. Wọ́n pín wọn sí méjì láìṣojúsàájú, wọ́n fún ìdajì ní sítóòfù tó ń lo ethanol, èyí tó ń jó láìrú èéfín, ìdajì yòókù sì ń bá ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé nígbà tí oyún fi pé, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá àwọn tí kò pààrọ̀ fi 2.8 ju ti àwọn tó pààrọ̀ lọ. Láàárín àwọn tó ti ń lo kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀, ìdá 8.8 nínú 100 àwọn tí kò pààrọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru, nígbà tó jẹ́ ìdá 1.8 péré láàárín àwọn tó gba sítóòfù tuntun. Wọ́n sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún TNF-alpha, ọ̀kan nínú ohun tí ara ń tú jáde nígbà tí wíwú bá ń lọ nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé ó rọlẹ̀ lára àwọn tó kọ kẹrosíìnì sílẹ̀ ju lára àwọn tó dúró tì í lọ. Sítóòfù nìkan ni wọ́n pààrọ̀ o. Kò sí ẹni tó fún wọn ní ìgò.

Àrùn tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe, nítorí náà kí ará Ìkòròdú má ṣe fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ẹ̀rín. Ilé tí yàrá ti dojú kọ yàrá, tí sítóòfù mẹ́fà ń jó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kan, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lábẹ́ fèrèsé, irú èéfín kan náà ló wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà ní Odógunyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Ògijo, tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn lórí ìwé ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò mọ ààlà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú láti yọ òjé inú rẹ̀. Òjé tó bá wọ ara a máa fa èérún ọ́síjìn yẹn jáde, a sì máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe sí ọpọlọ àwọn ọmọdé, èyí tó tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Bí a bá sì kúrò lójú títì, ẹ wo agbada alákàrà: òróró àná ni yóò gbé kaná lónìí, yóò bu díẹ̀ lé e lọ́la, títí yóò fi dúdú bí omi aró. Àwọn onímọ̀ kan ní Màléṣíà fi òróró ọ̀pẹ tí wọ́n ti kaná ní ìgbà márùn-ún àti ìgbà mẹ́wàá bọ́ eku fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì rí i ní 2009 pé ìfúnpá àwọn eku náà gòkè, iṣan wọn kò sì gbọ́ àṣẹ láti dẹ̀ dáadáa mọ́. Eku kì í ṣe ènìyàn, mo gbà. Síbẹ̀, n kò ní bá yín jẹ àkàrà tó ti inú omi aró jáde.

Ní ti ìgò, bí ìpẹtà bá ni ọ̀tá, kí ló dé tí oògùn ìpẹtà, èyí tí wọ́n ń pè ní antioxidant, kò fi ní ṣiṣẹ́? Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti béèrè èyí ṣáájú wa, wọ́n sì fi owó ńlá wádìí rẹ̀. Ní 2000, àwọn oníwàdìí kéde pé àwọn fún àwọn kan lára aláìsàn tó lé ní 9,000 ní fítámì E fún ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, wọn kò rí èrè kankan fún ọkàn tàbí iṣan. Ní 2002, wọ́n tẹ àbájáde ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, níbi tí ènìyàn 20,536 ti kópa fún ọdún márùn-ún: fítámì E, fítámì C àti beta-carotene pọ̀ sí i lóòótọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbé wọn mì, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé wọn mì àti àwọn tí kò gbé wọn mì, bákan náà ni wọ́n ṣe kú. Ti Finland tilẹ̀ burú jù, nítorí àwọn amúsìgá tí wọ́n fún ní beta-carotene níbẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí i lára wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kéde ní 1994. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná: ẹni tó ń gbé fítámì mì ní òwúrọ̀, tó sì padà sórí ààrò ní ọ̀sán, orísun ìpẹtà ṣì ń ṣàn sí i lára ju ohun tí ìgò lè kó jáde lọ. Oògùn tí àwọn tó ṣe ojúlówó rẹ̀ kò rí èrè nínú rẹ̀, kí ni ti èyí tí a kò mọ ẹni tó sè é, tí a ń tà láàárín Ọ̀wọ́dé àti Mile 12?

Ṣùgbọ́n ewébẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní SIREN, fi àwọn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọlù. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, nǹkan mọ́kànlá ni wọ́n tọ́ka sí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì gba ipò kìíní tí kò sí èkejì rẹ̀. Sìgá wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, iyọ̀ tí a ń wọ́n sórí oúnjẹ lórí tábìlì wà níbẹ̀, àìkìí-jẹ-ẹ̀fọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ kì í wá pẹ̀lú fítámì nìkan: ó ń gbé pòtásíọ̀mù wá, èyí tó ń tu ẹ̀jẹ̀ lára, ó ní èròjà kan tí ara ń sọ di nitric oxide yẹn gan-an, ó sì ń gba àyè nínú àwo tí ẹran ìbá gbà. Àwọn àgbà Ìkòròdú ní orí oko òdú ni àwọn baba ńlá wọn tẹ ìlú náà dó sí, òdú kì í sì í ṣe àìmọ̀ fún olóko; ẹni tó bá wá fi owó ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ kan ra ìgò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, n kò mọ ohun tí a ó pe tirẹ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ tiwa ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò wọ̀n. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, tó wọ káà ilẹ̀ ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kígbe ọ̀rọ̀ yìí láti Ìbàdàn, pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ni kò mọ̀, nítorí kì í dunni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára gbá ògiri iṣan, òun fúnra rẹ̀ ń họ awọ tín-ín-rín yẹn, ó ń pe ìpẹtà, ìpẹtà náà sì ń mú kí iṣan le, kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru. Oògùn tó ń mú un rọlẹ̀ ti wà tipẹ́.

Ní ti èéfín Ẹ̀pẹ́, kò sí ẹni tó ní kí a má yan ẹja mọ́. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ láìfi ẹja yíyan sí i, ẹ ní kí ó lọ jókòó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: ní Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ pẹ̀lú FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ṣe ààrò tó ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín, tó ń gba ọ̀rá ẹja kí ó má baà kán sínú iná, tí ẹja sì ń jáde níbẹ̀ láìní májèlé èéfín púpọ̀ lára, àwọn ará Gánà ti ní ààrò Chorkor ṣáájú wọn, ilé ìwádìí òkun NIOMR tó wà ní Victoria Island, tí kò ju ìrìn ọ̀sán kan lọ sí Ẹ̀pẹ́, náà ti ṣe tirẹ̀. Àìmọ̀ kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé nígbà tí ìjọba bá fẹ́ ran àwọn ẹlẹ́ja lọ́wọ́, wọ́n á kọ́ ààrò ńlá kan sí ibi tó rọ kọngílá lọ́rùn, wọ́n á ṣí i pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò, láìbi àwọn obìnrin bí igi wọn ti gùn tó, bí ẹja wọn ti pọ̀ tó lọ́jọ́ ọjà, tàbí ta ni yóò san owó nígbà tí àwọ̀n rẹ̀ bá jẹrà. Láìpẹ́, ewúrẹ́ á máa sùn níbẹ̀, àwọn ìyá á sì padà sídìí dúrọ́ọ̀mù wọn.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ àti ti Ìkòròdú ni kí wọ́n gbé owó tí wọ́n fi ń kọ́ irú ààrò bẹ́ẹ̀ lé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó tí kò ní èlé, kí àwọn obìnrin fúnra wọn lọ wo ààrò tuntun bó ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á, kí alágbẹ̀dẹ Ẹ̀pẹ́ sì kọ́ bí a ti ń tún un ṣe. Kí wọ́n tún ra ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá méjì mẹ́ta fún ìyálọ́jà, kí nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù ìjọba wá kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin bí a ti ń lò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń dá èésú ni gbogbo ẹlẹ́ja máa ń pé. Kí olúkúlùkù na apá kó tó ka owó, kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rẹ̀ nínú ìwé èésú, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti kọjá 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ọjọ́ èésú méjì tẹ̀ léra, kí wọ́n mú un lọ sí ọsibítù kí ó tó padà sídìí ààrò.